Sadaharu Oh

Sadaharu Oh (ọjọ́ ìbí: 20 Oṣù Karùn-ún 1940) jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká eléré bésíbọ́ọ̀lù àti olùdarí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Fún odidi ọdún 22, láti 1959 títí di 1980, ó ṣeré fún ẹgbẹ́ Yomiuri Giants ti ìlú Tokyo gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ ibùdó kìíní, kò sì bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣeré rí láti ìgbà tí ó ti di ẹni tí ń fi eré náà jẹun. Home run 868 ni ó gbá nínú ìdíje líìgì, iye kan tí eléré kankan kò tíì gbá tó nínú líìgì ńlá Jàpáànù tàbí ti Amẹ́ríkà. Orúkọ ìdílé rẹ̀, Oh, ni bí àwọn ará Jàpáànù ti ń pe lẹ́tà Ṣáínà kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “ọba”. Nítorí náà, àwọn oníròyìn kò ní láti jìnnà kí wọ́n tó rí oríkì fún un.

Tokyo ni a ti bí Oh, ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, Jàpáànù ni ó sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ-ìlú Jàpáànù lójú òfin, nítorí pé ìwé ìrìnnà Taiwan ni ó ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti fi igi sílẹ̀, ó tún yọjú ní ọ̀nà mìíràn, nítorí pé àwọn kan sọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ di odi tí wọ́n fi ń dènà àwọn àjèjì.

Eré náà àti ipò rẹ̀ nínú rẹ̀

Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù sí eléré ẹgbẹ́ kejì tí ó di igi mú. Bí onítọ̀hún bá gbá a, yóò sáré yí ibùdó mẹ́rin po kí ó tó lè jẹ àmì ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fò kọjá ọgbà tí ó yí pápá ká, home run ni. Kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Yóò rọra sá yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá wà lórí ibùdó yóò sì ti wọlé ṣíwájú rẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù kò gba ibi tí ó yẹ kọjá, ẹni tí ó di igi mú yóò rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kékeré yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn Oh, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Olùṣọ́ ibùdó kìíní ni ó máa ń gba bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jù láti lé ẹni tí ń sáré bọ̀ kúrò. Ipò náà rọ ọlọ́wọ́ òsì lọ́rùn, torí pé ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi wọ ìbọ̀wọ́ ni ó kọjú sí àárín pápá. Ọlọ́wọ́ òsì ni Oh. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí igi rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò jábọ́ nídìí ṣíṣọ́ ibùdó. Nígbà tí wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ fún àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbà jùlọ sílẹ̀ ní 1972, òun ni ó gba ti ibùdó kìíní lọ́dọọdún títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra.

Ìbí àti ìgbà èwe

Bàbá rẹ̀ ni Wang Shifu, ará agbègbè Zhejiang ní Ṣáínà, tí ó wá ṣàtìpó sí Jàpáànù tí ó sì ń ta oúnjẹ ní Sumida ní ìlà-oòrùn Tokyo. Tomi, ọmọ Jàpáànù, ni ìyá rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n bí i; ìkejì rẹ̀ obìnrin, Hiroko, kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, orílẹ̀-èdè bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Àtúnṣe òfin ọdún 1984 ni ó kọ́kọ́ fún ìyá ará Jàpáànù tí ó fẹ́ àjèjì ní àṣẹ láti fi ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Báyìí ni ọmọ tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti Jàpáànù lọ ṣe di ọmọ Ṣáínà lórí ìwé.

Bàbá náà kò fẹ́ eré bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ń rò ni pé kí ọ̀kan di dókítà, kí ìkejì di onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, kí wọ́n sì padà lọ ṣe ìlú bàbá wọn lóore. Tetsushiro, ẹ̀gbọ́n Sadaharu, di dókítà lóòótọ́. Òun náà ni ó sì bá bàbá sọ̀rọ̀ títí ó fi yọ̀ǹda àbúrò rẹ̀ fún bésíbọ́ọ̀lù.

Nígbà tí Oh ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé, Hiroshi Arakawa, eléré ẹgbẹ́ Mainichi Orions, ń kọjá lọ ní ọgbà ìṣeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Sumida, ó sì rí ọmọkùnrin gíga kan tí ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù ṣùgbọ́n tí ó dúró sí apá ọ̀tún láti gbá a. Arakawa bi í pé kí ló dé tí kò fi apá òsì gbá a. Ọmọ náà yí padà, ó gbá a, bọ́ọ̀lù sì lọ jìnnà. Arakawa ni ó darí rẹ̀ sí iléèwé gíga Waseda Jitsugyo, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ọ̀nà àwọn méjèèjì yóò tún pàdé.

Ní Waseda Jitsugyo, ajubọ́ọ̀lù ni Oh. Ìdíje àwọn iléèwé gíga tí ó máa ń wáyé ní pápá Koshien, nítòsí Osaka, jẹ́ ohun tí gbogbo Jàpáànù ń wò bí ẹni ń wo ọdún ìbílẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1957, Oh ju bọ́ọ̀lù fún iléèwé rẹ̀ títí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bó, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kan bọ́ọ̀lù ní àṣekágbá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà, ó ju àbọ̀ ìpele 11 láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ Neyagawa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ gúnlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n pe Waseda Jitsugyo sí àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin àjọ̀dún náà sọ pé ọmọ-ìlú Jàpáànù nìkan ni ó lè kópa. Wọ́n yọ Oh kúrò. Ẹni tí ó gba ife fún iléèwé náà ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni kò lè bá wọn wọ pápá.

Bí ó ṣe dé Giants

Ẹgbẹ́ Hanshin Tigers àti Yomiuri Giants ni wọ́n jọ ń wá a, Giants ni ó sì yàn. Ní ìpàgọ́ ìgbaradì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1959, Shigeru Mizuhara, olùdarí ẹgbẹ́ nígbà náà, sọ fún un pé kò ní ju bọ́ọ̀lù mọ́: igi rẹ̀ ni ẹgbẹ́ nílò. Àyè sì wà, nítorí pé Tetsuharu Kawakami, olùṣọ́ ibùdó kìíní tí àwọn olólùfẹ́ eré ń pè ní ọlọ́run ìgbábọ́ọ̀lù, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lópin sáà 1958.

Bàtà ńlá ni wọ́n fún ọmọdé wọ̀. Ìgbà 26 ni Oh dúró tí ó di igi mú láì gbá bọ́ọ̀lù kan tí ó gúnlẹ̀. Home run ni èyí tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀n ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ọdún náà kò ju .161 lọ, home run 7 péré ni ó gbá, ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́rin ni wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta lé e kúrò. Àwọn òǹwòran fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: wọ́n ní ọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba àwọn tí ń gbá afẹ́fẹ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹfà ọdún náà tí a kò lè fò. Ọba Hirohito wá wo eré Giants àti Hanshin ní pápá Korakuen, ìgbà àkọ́kọ́ tí olú-ọba Jàpáànù yóò wo bésíbọ́ọ̀lù àwọn tí ń fi í jẹun. Oh, ọmọ ọdún 19, gbá home run tí ó mú kí ayò dọ́gba. Shigeo Nagashima, olùṣọ́ ibùdó kẹta, ni ó wá gbá èyí tí ó parí eré náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn méjèèjì jọ gbá home run ní ọjọ́ kan, ìtàn sì fi ti Nagashima ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún: Nagashima ni àwọn ará ìlú fẹ́ràn jù, Oh ni iye tirẹ̀ pọ̀ jù.

Home run 17 ni ó gbá ní 1960. Ní 1961, ó já sí 13. Wọ́n ti ń rò ó pé bóyá ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan

Ní 1962, Kawakami, tí ó ti di olùdarí Giants báyìí, gba Arakawa síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìgbábọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni Oh.

Àléébù Oh kò farasin. Kí ó tó fì igi, ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mì sẹ́yìn, ara rẹ̀ yóò sì ti sún síwájú, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé, agbára ti tú ká. Arakawa ní kí ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí ó kọjú sí ajubọ́ọ̀lù, sókè títí orúnkún yóò fi dé ìgbáròkó, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, kí ó máa dúró de bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́sẹ̀ kan kò lè sáré síwájú ṣáájú àkókò. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ṣubú. Àwọn òyìnbó fi ìdúró yìí wé ti ẹyẹ flamingo. Ẹni tí ó bá ti rí lékèélékèé létí odò, tí ó ká ẹsẹ̀ kan mọ́ra tí kò sì mì, ti mọ bí ó ti rí.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Keje ọdún 1962 ni Oh kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ nínú ìdíje, nígbà tí wọ́n ń bá Taiyo Whales ṣeré ní Kawasaki. Ó gbá bọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, home run sì ni ìkejì. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ìkejì yẹn bá jábọ́ ni, kò dájú pé ẹnikẹ́ni ì bá tún jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí ìwé ìkọ́ni kan tí ó fara mọ́ ọn. Nígbà tí sáà náà parí, home run rẹ̀ jẹ́ 38, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Òun ni ó ṣáájú gbogbo líìgì.

Kíkọ́ ìdúró náà di mímọ́ gba ọdún mélòó kan. Arakawa mú Oh lọ sí ilé ìkọ́ni Morihei Ueshiba, ẹni tí ó dá ìjà aikido sílẹ̀, kí ó lè kọ́ bí ènìyàn ti í dúró láì yẹ̀ àti bí ó ti í dá àkókò mọ̀. Lóròòru, ní ilé Arakawa, yálà Giants ṣẹ́gun tàbí wọn kò ṣẹ́gun, Oh yóò bọ́ bàtà, yóò máa fì igi lórí ẹní títí ẹní yóò fi gbó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fi idà gidi kún un: wọ́n so bébà kan rọ̀ láti òkè àjà, Oh yóò sì fi idà gé e. Bébà kò wúwo. Bí ènìyàn bá fi ipá nìkan gé e, yóò kàn fẹ́ lẹ́lẹ́ ni. Ojú idà ní láti gba ọ̀nà tààrà, kí ara àti ọwọ́ sì jọ parí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ìtàn idà yìí bí àlọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yéni: fífì igi tí ó mọ́ ni ó ń wá.

Ní 1963, ó gbá 40. Ní 1964, nínú ìdíje 140, ó gbá 55, ó sì bo àkọsílẹ̀ 52 tí Katsuya Nomura ti Nankai Hawks fi lélẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó gbá home run mẹ́rin nínú eré kan ṣoṣo sí Hanshin. Ẹgbẹ́ Hiroshima Carp kó eléré mẹ́fà jọ sí apá ọ̀tún pápá níbi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń gbà, wọ́n fi apá òsì sílẹ̀ gbayawu láti tàn án kí ó yí ìfì rẹ̀ padà. Kò yí i. Ó ń gbá a gba orí wọn kọjá.

Ọdún mẹ́sàn-án Giants

Láti 1965 títí di 1973, ọdún mẹ́sàn-án léraléra, Giants ni ó gba ife ẹ̀yẹ Jàpáànù. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó tíì sún mọ́ èyí ní orílẹ̀-èdè náà. Oh àti Nagashima ni òpó méjèèjì tí wọ́n gbé ilé yìí ró. Àwọn ìwé ìròyìn kó lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní “ìbọn ON”. Ọdún mẹ́tàlá ni Oh fi ṣáájú líìgì nínú home run láì dánu dúró, láti 1962 sí 1974. Ní 1973 àti 1974, òun ni ó gba ipò kìíní nínú ìwọ̀n ìgbábọ́ọ̀lù, home run àti àmì ayò tí a gbá wọlé, gbogbo rẹ̀ pọ̀, ní ọdún méjì tẹ̀ léra: .355, 51 àti 114 ní àkọ́kọ́; .332, 49 àti 107 ní ìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n dìbò yàn án ní eléré tí ó ta yọ jùlọ ní líìgì rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1968, Gene Bacque, ajubọ́ọ̀lù Hanshin tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ju bọ́ọ̀lù méjì sún mọ́ ara Oh. Arakawa sáré wọ pápá, ìjà bẹ́ sílẹ̀, Bacque sì fọ́ àtàǹpàkò ọwọ́ ìjubọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹni tí ó rọ́pò Bacque ju bọ́ọ̀lù tí ó ba Oh ní orí, wọ́n sì gbé e kúrò ní pápá. Nagashima, tí ó kàn, gbá home run.

Nagashima fẹ̀yìn tì ní 1974 ó sì di olùdarí. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, Giants gba ipò ìkẹyìn, Koichi Tabuchi ti Hanshin sì gba oyè home run lọ́wọ́ Oh. Oh gba oyè náà padà ní 1976 pẹ̀lú 49, ó sì tún gbà á ní 1977 pẹ̀lú 50, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 37.

Home run 756

Hank Aaron ti Amẹ́ríkà fẹ̀yìn tì ní 1976 pẹ̀lú home run 755. Ó ti bá Oh fojú rinjú ṣáájú èyí. Ní Oṣù Kọkànlá 1974, wọ́n ṣe ìdíje home run láàárín àwọn méjèèjì ní Korakuen, Aaron sì borí pẹ̀lú 10 sí 9. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n di, kì í ṣe ọ̀tá. Nígbà tí ó yá, wọ́n jọ dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń kó àwọn ọmọdé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ láti kọ́ bésíbọ́ọ̀lù.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 Oṣù Kẹsàn-án 1977, ní Korakuen, Oh gbá bọ́ọ̀lù Yasujiro Suzuki ti Yakult Swallows wọ àárín èrò ní apá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kẹrìndínlọ́gọ́ta lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin nìyẹn. Wọ́n mú bàbá àti ìyá rẹ̀ wá sí àárín pápá, Oh sì gbé àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un lé wọn lọ́wọ́. Aaron fi ọ̀rọ̀ ìkíni ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, olórí ìjọba Takeo Fukuda fún un ní Àmì Ẹ̀yẹ Ọlá Àwọn Ará Ìlú, oyè tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba oyè náà kì í ṣe ọmọ-ìlú Jàpáànù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan kọ̀ láti fi iye Oh wé ti Aaron. Wọ́n ní pápá Jàpáànù kéré, àwọn ajubọ́ọ̀lù ibẹ̀ kò sì lágbára tó ti Amẹ́ríkà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ pápá. Ṣùgbọ́n sáà Jàpáànù kúrú ju ti Amẹ́ríkà lọ, ó máa ń wà láàárín ìdíje 130 sí 140 nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ 162, àwọn ajubọ́ọ̀lù sì máa ń sá fún Oh: 2,390 ni iye ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí ó rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Oh fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Ní 1980, ó gbá home run 30, ohun tí eléré mìíràn ì bá fi ṣe àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti já sí .236, ó sì sọ pé òun kò lè gbá bọ́ọ̀lù bí Sadaharu Oh ṣe ń gbá a mọ́. Ó fi igi sílẹ̀ pẹ̀lú home run 868, àmì ayò 2,170 tí ó gbá wọlé, bọ́ọ̀lù 2,786 tí ó gúnlẹ̀, àti ìwọ̀n .301 nínú ìdíje 2,831. Nọ́ńbà 1 tí ó wọ̀ di èyí tí Giants kò fún ẹlòmíràn mọ́.

Iṣẹ́ olùdarí

Oh darí Giants láti 1984 sí 1988. Wọ́n gba líìgì ní 1987, Seibu Lions sì fìdí wọn rẹmi ní àṣekágbá. Kò ju ìyẹn lọ, ẹgbẹ́ tí ó ti lo gbogbo èwe rẹ̀ fún sì jẹ́ kí ó lọ.

Ní 1995, ó lọ sí Fukuoka, ní gúúsù Jàpáànù, láti darí Daiei Hawks, ẹgbẹ́ tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wà nísàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Ní 1996, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí inú ń bí ju ẹyin lu ọkọ̀ tí ó gbé òun àti àwọn eléré rẹ̀. Ó sọ fún àwọn eléré pé kí wọ́n má bínú, pé bí wọ́n bá ti ń ṣẹ́gun, ìkórìíra náà yóò di ìfẹ́. Ní 1999, Hawks gba ife ẹ̀yẹ Jàpáànù. Lọ́dún 2000, wọ́n pàdé Giants tí Nagashima ń darí ní àṣekágbá, gbogbo orílẹ̀-èdè sì dúró wo ìbọn ON tí ó kọjú sí ara rẹ̀. Giants ni ó borí, 4 sí 2. Hawks tún gba ife náà ní 2003.

Ní 2006, Oh darí ẹgbẹ́ Jàpáànù lọ sí ìdíje àgbáyé bésíbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Gúúsù Kòríà na Jàpáànù kí wọ́n tó wá borí Kòríà ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Ní San Diego, wọ́n na Kúbà 10 sí 6, wọ́n sì gba ife náà. Ní Oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí àrùn jẹjẹrẹ inú ikùn, àrùn tí ó ti pa ìyàwó rẹ̀ Kyoko ní 2001. Wọ́n yọ àpò-oúnjẹ rẹ̀ kúrò pátápátá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2008. Lẹ́yìn náà ni ó di alága ẹgbẹ́ náà, tí ó ti di ti ilé-iṣẹ́ SoftBank láti 2005.

Àkọsílẹ̀ 55 àti àwọn àjèjì

Home run 55 ti ọdún 1964 dúró fún bí ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àjèjì sún mọ́ ọn láì lè kọjá, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni ẹgbẹ́ tí Oh ń darí wà nídìí rẹ̀.

Ní 1985, Randy Bass, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣọ́ ibùdó kìíní fún Hanshin, dé ọjọ́ ìparí sáà pẹ̀lú 54. Giants ni wọ́n fẹ́ bá ṣeré. Àwọn ajubọ́ọ̀lù Giants ń ju bọ́ọ̀lù jìnnà sí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì jẹ́ kí ó rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Keith Comstock, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ajubọ́ọ̀lù Giants, sọ lẹ́yìn náà pé olùkọ́ kan ní ẹgbẹ́ náà halẹ̀ pé ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù tí ó ṣe é gbá sí Bass yóò san owó ìtanràn. Oh sọ pé òun kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ní 2001, Tuffy Rhodes ti Kintetsu gbá 55 géérégé. Nígbà tí ó bá Hawks pàdé, bọ́ọ̀lù tí ó ṣe é gbá di ọ̀wọ́n. Yoshiharu Wakana, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Hawks, kò fi bò: ó sọ fún oníròyìn pé kò wu òun kí àjèjì bo àkọsílẹ̀ Oh. Olórí àjọ bésíbọ́ọ̀lù bá wọn wí, ó ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ eléré. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, Alex Cabrera, ọmọ Venezuela tí ó ń ṣeré fún Seibu, tún gbá 55. Ìròyìn sọ pé lọ́tẹ̀ yìí Oh ní kí àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ kojú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́. Ẹni tí ń ka ìtàn yìí lè bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀rọ̀ olùdarí ṣe lè ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti gbọ́. Ó sì tún lè rántí pé àwọn tí wọ́n ń gbèjà orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì kò bi í léèrè irú ìwé ìrìnnà tí ó ń gbé.

Wladimir Balentien, ọmọ erékùṣù Curaçao, ni ó já odi náà ní 2013. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án, ní pápá Jingu ní Tokyo, ó gbá ẹ̀ẹ̀kẹrìndínlọ́gọ́ta àti ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlọ́gọ́ta fún Yakult Swallows, ó sì parí sáà pẹ̀lú 60. Hanshin ni wọ́n ń bá ṣeré lọ́jọ́ náà, wọn kò sì sá fún un.

Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹwàá 2022, Munetaka Murakami, ọmọ ọdún 22 nínú ẹgbẹ́ Yakult kan náà, gbá home run 56 ní ìgbà ìkẹyìn tí ó di igi mú nínú sáà. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó ti kọjá iye tí ó ga jùlọ tí ọmọ Jàpáànù gbá rí. Ti Oh ni iye tí wọ́n ní lọ́kàn.